Ọ̀nà tó wọ Adó-Èkìtì: kí ni àlejò kọ́kọ́ ń rí, kí ló sì yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe?

Ọmọ_Òkè_Ayọ̀bá:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn kan ń dábàá pé kí ìlú kọ́ gèétì ńlá sí ọ̀nà Ìkẹ̀rẹ́, kí wọ́n kọ "Ẹ káàbọ̀ sí Adó" sí i lára gàdàgbà. N kò lòdì sí gèétì, àmọ́ mo fẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ohun tí ojú àlejò ń bá pàdé kó tó dé ìdí gèétì ọ̀hún wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba mítà 22 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kìlómítà 2 tó kẹ́yìn kí èèyàn tó wọ ìlú kò ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Bí awakọ̀ bá tẹ̀lé òfin, tó dín eré kù sí 50 torí pé ó ti wọ àárín ilé, kò tó ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Láàárín ìgbà yẹn ni àlejò ti ń pinnu irú ìlú tó wọ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ló ń gbé èrò wá jù: ti Ìkẹ̀rẹ́ tó gba Ajílósùn wọlé, fún àwọn tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, ti Aràmọkọ àti Ìyìn, fún àwọn tó gba Iléṣà àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ti Ìfàkì àti Ìwòrókò tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì ìpínlẹ̀, àti ti Ìjàn, níbi tí Pólì ìjọba àpapọ̀ wà.

Ìbéèrè mi nìyí: bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lapá wa ká lọ́dún yìí lórí ọ̀nà Ìkẹ̀rẹ́, kí ni kó jẹ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kó sọ̀rọ̀, kó sì fi ìwọ̀n sí i.

Awakọ̀_Ojoojúmọ́:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ohun kan wà tí àwọn tó ń yàwòrán ìlú sábà máa ń gbàgbé: awakọ̀ kọ́ ló ń wo ìlú, èrò ni. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú awakọ̀ ń fún mọ́ iwájú. Kòtò ló ń wò, àti ọ̀kadà tó lè já jáde, àti iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Èrò tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló ń rí ààtàn, ló ń rí ẹ̀yìnkùlé, ló ń ka orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ẹ pín iṣẹ́ yín sọ́nà méjì: ojú títì gan-an, ti awakọ̀ nìyẹn, láti etí gọ́tà dé ara ilé àkọ́kọ́, ti èrò nìyẹn.

Fún ẹni tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, Ìkẹ̀rẹ́ ló kọ́kọ́ ń fún un ní ohun tí kò ní gbàgbé. Olósùnta àti Òròlé yọ gàgàrà lórí àwọn ilé, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, wọn kò sì bèèrè ọ̀dà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá kúrò ní Ìkẹ̀rẹ́, oko àti igbó díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀bá ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà: àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, òkìtì yanrìn, pákó tí wọ́n tò jọ, ilé epo, mẹkáníìkì, ilé epo mìíràn. Bí ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti gbòòrò tí tírélà lè rí ibi yí. Kò sí àbùkù nínú iṣẹ́ ọwọ́. Yanrìn tó ń ṣàn wọ ojú títì, ọkọ̀ tó ti kú tí wọ́n fi sílẹ̀ sétí gọ́tà fún ọdún mẹ́ta, ìyẹn ni àbùkù.

Ẹ má gbàgbé oòrùn náà. Ẹni tó ń ti Ìyìn bọ̀, ìlà oòrùn ló dojú kọ, àárọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ ọ́ lójú. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń tàn sára òkè tó wà níwájú. Ìgbà yẹn ni ọ̀nà náà lẹ́wà jù. Ti Ìjàn ni òdìkejì: ní ìrọ̀lẹ́, ojú oòrùn gan-an lawakọ̀ ń wò. Pátákó tí ojú ọ̀run bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà yẹn, dúdú lásán ló máa rí lójú ẹni tó ń bọ̀. Ibi tí igi tàbí òkè wà lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Baba_Pátákó:
Ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ti lẹ́tà kún un.

Ìṣirò tí a ń lò nídìí iṣẹ́ yìí ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 nínú gíga lẹ́tà ń fún ojú tó dáa ní nǹkan bíi mítà 5 láti kà á. Awakọ̀ sì nílò tó ìṣẹ́jú àáyá 4 láti rí pátákó, kó kà á, kó pinnu. Ní eré 80, mítà 89 nìyẹn. Lẹ́tà tí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 18, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Nítorí àwọn àgbàlagbà àti gíláàsì ọkọ̀ tó kún fún eruku, ẹ fi 25 ṣe é.

Ẹ wá wo ọ̀pọ̀ pátákó "ẹ káàbọ̀" tó wà káàkiri ilẹ̀ wa. Àwòrán ojú èèyàn gba ìdajì, àmì ẹgbẹ́ méjì mẹ́ta, nọ́ńbà fóònù, ẹsẹ Ìwé Mímọ́, orúkọ ìlú wá kéré ju orúkọ ẹni tó gbé e kalẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún ni ojú lè kó ní ìṣẹ́jú àáyá 4. Orúkọ ìlú, ìlú tó kàn, iye kìlómítà: ó tán.

Ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ pọ̀. Fíníìlì tí wọ́n fi ń tẹ ìpolówó kì í dá iná padà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, pátákó ti di ògiri. Irú awọ tó wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ lẹ ó rà. Èyí tó rọjú lára rẹ̀ ń lò tó ọdún 7, èyí tó dáa jù ń lò tó 10, bí ẹ bá ti nu ojú irin kúrò nínú òróró kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Alumíníọ̀mù dára púpọ̀, kì í dípẹtà, àmọ́ àwọn tó ń yọ́ ọ fi ṣe ìkòkò fẹ́ràn rẹ̀ ju awakọ̀ lọ. Bẹ́ ẹ bá lò ó, rífẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fi dè é, ẹ má lo nọ́ọ̀tì tí sípánà lè tú. Kí ìsàlẹ̀ pátákó ga tó mítà 2.1 kúrò nílẹ̀ kó má baà gbá ẹlẹ́sẹ̀ lórí, kó sì jìnnà sí etí títì tó sẹ̀ǹtímítà 60 ó kéré tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "Efon" sí i. Ẹ̀fọ̀n ni ìlú náà ń jẹ́. Àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà, kó fẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún gíga lẹ́tà, kó má baà pòórá láti òkèèrè.

Ẹlẹ́rọ_Gọ́tà:
Ẹ̀gbọ́n bèèrè ohun kan ṣoṣo. Gọ́tà ni. Gèétì kì í bo kòtò mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn òjò, ẹ lọ dúró síbi tí òpópónà àdúgbò tí kò lọ́dà ti já sí títì ńlá. Ẹ ó rí amọ̀ pupa tó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ sórí ọ̀dà: ó nípọn lẹ́nu ibi tó ti jáde, ó ń fẹ́lẹ́ bó ṣe ń wọ àárín títì, ipa táyà wà lórí rẹ̀ bí ilà ojú. Nígbà ẹ̀rùn, ó di eruku tó ń pọ́n iwájú ilé títí dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nígbà òjò, inú gọ́tà ló ń lọ. Ó dí i, omi kò ríbi gbà, ó padà sórí títì. Omi tó bá dúró lórí ọ̀dà máa wá ihò, bó ti wù kó kéré tó. Ó wọlé, ó mú ìpìlẹ̀ rọ̀, táyà tírélà wá ń fún omi náà sókè pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ojú ọ̀dà kù sórí òfìfo, ó sì wó wọlé. Báyìí ni kòtò ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé títì fúnra rẹ̀ kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà: ẹ da ọ̀dà sí mítà 15 sí 20 àkọ́kọ́ gbogbo ojú ọ̀nà àdúgbò tó já sí òpópónà, kí amọ̀ ara táyà lè jábọ́ síbẹ̀. Ẹ gbẹ́ gọ́tà dábùú ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ fi irin olójú bò ó. Kí títì fúnra rẹ̀ ga láàárín kó rẹlẹ̀ létí: ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún la ń lò, ìyẹn ni pé lórí ojú ọ̀nà tó fẹ̀ mítà 3.65, etí á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 9 rẹlẹ̀ ju àárín lọ.

Ọmọ_Òkè_Ayọ̀bá:
Ẹ ṣé gan-an, ẹlẹ́rọ. Àwọn kòtò tó ti wà ńkọ́? Òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ pupa ni mo máa ń rí tí wọ́n ń dà sí i.

Ẹlẹ́rọ_Gọ́tà:
Ìyẹn kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà òjò. Ẹ fi ẹ̀rọ gé etí kòtò ní igun mẹ́rin, kó dúró ṣánṣán bí ògiri. Etí tó ń yọ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀ kì í di ọ̀dà tuntun mú. Ẹ gbẹ́ ẹ dé ibi tó le. Bí ìsàlẹ̀ bá tutù, ẹ kó o kúrò, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ àti hóró rẹ̀ rọ́pò, kẹ́ ẹ gún un. Ẹ gbá eruku rẹ̀ mọ́ féfé. Ẹ fi ọ̀dà olómi kun ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni o, kó má ṣe lami. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ da ọ̀dà gbígbóná sí i, kí ìpele kan má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 7.5 lọ kẹ́ ẹ tó gún un. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí: ọ̀dà tó kúrò ní ilé iṣẹ́ ní nǹkan bí 150 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, tí ọkọ̀ gbé kiri láìfi tápólì bò, tó dé ọ̀dọ̀ wọn tó ti tutù, kò ní gúnra mọ́ bó ti wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kó fi díẹ̀ ga ju ojú títì lọ, táyà á parí ìyókù.

Ọmọ_Ajílósùn:
Mo gbọ́ ti gọ́tà, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ rọ́ ti gèétì sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ìlú nílò àmì. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn wọ Èkó láyé ọjọ́sí kò lè gbàgbé ère àwọn àgbà mẹ́ta aláṣọ funfun tó dúró lẹ́nu ibodè. Ará Abẹ́òkúta ní Olúmọ. Àwa náà ní orúkọ tó tó kọ: Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ. A ní Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, tí wọ́n pa ní Ìbàdàn ní Oṣù Keje ọdún 1966 pẹ̀lú àlejò tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlú tó bí ẹni tó kú nítorí àlejò, ṣé kò yẹ kí ó kí àlejò dáadáa lẹ́nu ọ̀nà?

Ayàwòrán_Ilé:
Àbúrò, ọ̀rọ̀ Fájuyì yẹn wọ̀ mí lára, mo sì fẹ́ kó hàn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká wo bí yóò ṣe ṣeé ṣe láìdá wàhálà sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, títì ìjọba àpapọ̀ ni títì Àkúrẹ́ sí Adó. Láti àárín títì bẹ́ẹ̀, mítà 45.72 ni òfin fi sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 91.44. Gèétì tó bá dábùú títì, àárín ilẹ̀ yẹn ló máa dúró sí, ìwé àṣẹ sì gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Èkejì, bí wọ́n bá sọ títì di olójú méjì lọ́la, òpó gèétì tí wọ́n rì sí etí títì tóóró tòní á bọ́ sí àárín ọ̀nà. Wíwó ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kọ̀ǹténà gíga jẹ́ mítà 2.9, ẹ̀yìn tírélà tó gbé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1.5; mítà 4.4 nìyẹn, láìka ọkọ̀ agbégẹdú tó kó kọjá òdiwọ̀n. Gèétì tí kò bá ga tó 5.5, ọjọ́ kan ni tírélà máa gbé orí rẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn mi ni ère tàbí ògiri òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, lẹ́yìn mítà 45.72 yẹn. Òkúta pọ̀ ní Èkìtì, kò ní dípẹtà, kò sì nílò kíkùn lọ́dọọdún. Kí ó ga tó mítà 4 sí 5, kó fi igi tàbí òkè ṣe ẹ̀yìn, kí orúkọ ìlú wà lára rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà sẹ̀ǹtímítà 40, torí pé ó jìnnà sójú títì. Kò sẹ́ni tó máa wó o bí títì bá fẹ̀ sí i.

Ẹ sì dáàbò bo òkè tí a ti ní. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni àpáta Ìkẹ̀rẹ́ àti òkè ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, pátákó ìpolówó wá ń bo wọn díẹ̀díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1965 ni òfin ti wà tó ń ṣàkóso pátákó ìpolówó tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 660, nǹkan bíi mítà 200, sí àwọn òpópónà ńlá wọn, àti ààtàn ọkọ̀ ògbólógbòó tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1,000. São Paulo ní Bùràsílì yọ gbogbo pátákó ìpolówó ìta kúrò ní ọdún 2007. A kò ní láti le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ibi méjì péré tí òkè ti hàn dáadáa jù, kẹ́ ẹ ní kò gbọdọ̀ sí pátákó kankan níbẹ̀ fún mítà 300.

Ìyá_Oníṣu:
Ẹ kú làákàyè o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí i pé ẹ ti dé orí mítà 45. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dé orí ẹ̀ báyìí, àwa oníṣu àti ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ló máa ń fara gbá a. Ẹ má gbàgbé pé iṣu tí a tò sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà wà lára ohun tí àlejò mọ̀ mọ́ Èkìtì. Ilẹ̀ iyán ni wọ́n ń pè wá. Ẹni tó fẹ́ ra iṣu á dúró, á sì rò pé ìlú yìí ní oúnjẹ.

Ohun tó ń fa ìjàm̀bá ni pé kò síbi tí ọkọ̀ máa yà sí. Ọkọ̀ á dúró lójú títì, ẹni tó wà lẹ́yìn á tẹ bíréèkì. Bẹ́ ẹ bá ṣe ibi ìyàsí fún wa, a ó wọnú rẹ̀. Kó fẹ̀ tó mítà 3 kó lè gba ọkọ̀ láìyọ ìdí síta, kó gùn tó mítà 60, kí ẹnu méjèèjì rẹ̀ dagun wọlé díẹ̀díẹ̀. Kí àtẹ wa wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí, kẹ́ ẹ gbé omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ síbẹ̀, àìsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń sọ etí igbó di ohun tí ó dà. Ẹ sì gbé e síbi tí ọ̀nà tẹ́jú tó sì gún. Bó bá wà ní ìgun òkè tàbí ẹ̀yìn kọ́nà, ẹ ti pa wá.

Awakọ̀_Ojoojúmọ́:
Ẹ ṣeun, màámi. Kó wà ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wọ ìlú, kí ẹnikẹ́ni má dábùú títì.

Onímọ̀_Ìmọ́tótó:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ààtàn, torí òun ni èrò ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ń kọ́kọ́ gbóòórùn kó tó rí i. Ìdí tó fi jẹ́ pé ẹnu ìlú ló máa ń wà kò ṣòro: ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní olówó tó ń ṣọ́ ọ, ọkọ̀ akólẹ̀ lè dúró, kò sì sí iná lóru. Bí wọ́n bá gbé páànù ìdalẹ̀sí ńlá síbẹ̀, gbogbo àdúgbò á máa gbé tiwọn wá; bó bá kún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ọkọ̀ kò dé títí Ọjọ́ Ajé, ilẹ̀ ni ìyókù ń wà, ewúrẹ́ á tú u, òjò á gbé e sí gọ́tà ẹlẹ́rọ.

Kíkó o kúrò nìkan kò tó. Bí ibẹ̀ bá ṣófo di alẹ́, ó ti padà nílẹ̀ mọ́jú. Ọjọ́ kan náà tí ẹ bá kó o ni kẹ́ ẹ da iyẹ̀pẹ̀ tó dáa sí i, kẹ́ ẹ gbin nǹkan, kẹ́ ẹ gbé iná kan síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì to òkúta ńlá sí etí rẹ̀ kí ọkọ̀ má lè yà wọlé. Páànù ìdalẹ̀sí, ẹ gbé e wọ ojú ọ̀nà àdúgbò tó mítà 200 sí títì, súnmọ́ àwọn tó ń dalẹ̀ gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná sun ún lẹ́bàá ọ̀nà: èéfín ìdọ̀tí tútù máa ń sùn sílẹ̀ láàárọ̀, awakọ̀ kò ní rí iwájú.

Olódòdó:
Lórí gbígbin nǹkan: Oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà ni kẹ́ ẹ gbìn ín, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, kí gbòǹgbò lè rìn jìnnà kí ẹ̀rùn tó dé ní Oṣù Kọkànlá. Ihò sẹ̀ǹtímítà 60 níbùú, lóròó, lójìn, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà pátápátá. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Igi másíkúrédì ń dúró ṣánṣán, kì í gbalẹ̀, àmọ́ ẹ má gbìn ín sí oríta: níbẹ̀, ohunkóhun kò gbọdọ̀ ga ju orúnkún lọ kí awakọ̀ lè rí ara wọn. Igi furúùtù, èyí táwọn kan ń pè ní álímọ́ńdì, ń fúnni ní òjìji dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jìnnà sí gọ́tà tó mítà 4, gbòǹgbò rẹ̀ ń la kọnkéré. Bí kò bá sí ẹni tó máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, lítà 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún igi kan, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Oníná_Sólà:
Kúkúrú ni tèmi. Òpó mítà 8, kí ìkan jìnnà sí èkejì tó mítà 25 sí 28. Oríta àti ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tan. Ẹ dojú páànẹ́ẹ̀lì kọ gúúsù, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dagun tó 10 sí 15 dígírì. Bó bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, eruku ọyẹ́ máa lẹ̀ mọ́ ọn títí òjò á fi dé. Bátìrì lítíọ̀mù lókè òpó, ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀, omi ló ń mu ún, bí olè kò bá ṣáájú omi.

Ọmọ_Òkè_Ayọ̀bá:
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ó hàn sí mi báyìí pé gọ́tà àti ẹnu ọ̀nà àdúgbò ló ṣáájú, ààtàn tẹ̀lé e, ògiri òkúta pẹ̀lú ère Fájuyì lẹ́yìn ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó náwó, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rin kìlómítà 2 náà, ká ya àwòrán ní gbogbo mítà 100, ọwọ́ ọ̀tún àti òsì. Ogójì àwòrán nìyẹn. Ká yà á lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀rùn, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹlẹ́rọ, oṣù wo ni kí iṣẹ́ gọ́tà bẹ̀rẹ̀?

Ẹlẹ́rọ_Gọ́tà:
Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, kí òjò àkọ́kọ́ tó bá wa ní Oṣù Kẹta. Ìsàlẹ̀ ibi tí omi ń ṣàn lọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbẹ́ bọ̀ lókè. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lókè, ẹrẹ̀ tí ẹ tú á lọ dí ìsàlẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì kó jáde, ẹ má fi í sílẹ̀ sétí gọ́tà di ọjọ́ kejì. Kí ọkọ̀ tí yóò gbé e ti wà níbẹ̀ kí ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀.